Ebi Kì Í Wo Èébì Ọkọ̀ Òkun, Torí Inú Kọ́ Ló Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Tẹ́ ẹ bá dé Old Garage níbí ní Òṣogbo láàárọ̀ kùtù, níbi tí mọ́tò Ìbàdàn ti ń kó èrò, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun táwọn ìyá ń sọ fáwọn ọmọ wọn. "Má jẹ nǹkan kan o, tó o bá jẹun wàá bì sára èèyàn." Ọmọ á wá máa wo alákàrà lójú fèrèsé, ebi á máa pa á títí dé Gbọ̀ngán, kí wọ́n tó kan Ìkirè ó ti ń bì, omi lásán ló sì ń bì, omi pupa rúsúrúsú tó korò bí ewúro, torí kò sí nǹkan mìíràn níkùn ẹ̀. Ìyá ẹ̀ á ní "ẹ rí i, ká ní mo jẹ́ kó jẹun ńkọ́!" Ìfẹ́ ọmọ ló ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, bí ìyá tiwọn náà ṣe sọ fún wọn nìyẹn.

Kẹ́mísì ni mo ti ń ta oògùn lápá Òkè-Fìà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì kà á sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, mo rò pé kò pa ẹnikẹ́ni lára, àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé e dé orí òkun.

Ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló sanwó fún wọn, ọkọ̀ ńlá ìgbafẹ́ tí wọ́n ń pè ní krúùsì yẹn, Southampton ni wọ́n ti wọ̀ ọ́, Sípéènì ni wọ́n ń lọ, oṣù kẹwàá ni. Òṣogbo ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi sí, omi tó tóbi jù tí wọ́n mọ̀ ni odò Ọ̀ṣun nígbà tó bá kún, wọn ò dé orí òkun rí. Kí wọ́n tó lọ, gbogbo àdúgbò ti kìlọ̀ fún wọn: ẹ má jẹun o, ẹ jẹ́ kí inú yín ṣófo. Wọ́n gbọ́ràn. Láti àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wọkọ̀, omi díẹ̀díẹ̀ nìkan ló kọjá ọ̀fun wọn. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ wọ Bay of Biscay, ìyẹn ibi tí òkun Àtìláńtíìkì ti ya wọ àárín Faransé àti Sípéènì, ìgbì ibẹ̀ kì í ṣe kékeré tí òtútù bá ti ń wọlé, ìjì sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní aṣọ tí àwọn fi kọ́ sára ilẹ̀kùn ń kúrò lára igi, ó ń yọ síta fúnra ẹ̀ bí ẹni pé èèyàn wà nínú ẹ̀, á dúró díẹ̀, á tún padà lọ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà wọ́n ju ariwo ìjì lọ. Wọ́n bá sùn, wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ń ka àdúrà lórí fóònù, wọ́n sì ń bì, omi kíkorò yẹn náà, títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ wọn ní kí wọ́n fi nǹkan sẹ́nu, wọ́n ní "ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Nígbà tí wọ́n pè mí, ohùn wọn ti há. Ó dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ mi ni, ó yẹ kí n ti sọ fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Èébì ọkọ̀, ì báà jẹ́ ti mọ́tò ì báà jẹ́ ti ojú omi, etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyà ẹ̀ ni inú ń jẹ. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, páìpù kéékèèké 3 wà ní etí kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ bí ìlàjì òrùka, omi ló wà nínú wọn, nítòsí wọn ni àwọn òkúta kan wà tó kéré ju yanrìn lọ. Tẹ́ ẹ bá yí orí, omi yẹn á rìn, tí nǹkan bá gbé yín sókè bí ìgbà tí líìfùtì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, àwọn òkúta yẹn á mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni ọpọlọ ti ń mọ̀ pé ara ń lọ síbí tàbí sọ́hùn-ún. Ojú náà ń mú ìròyìn tiẹ̀ wá. Àmọ́ téèyàn bá wà ní yàrá inú ọkọ̀ tó kọjú sí ògiri, ojú á ní a ò kúrò lójú kan, ògiri rèé bẹ́ẹ̀dì rèé, etí á ní irọ́ o, wọ́n ń gbé wa sókè sódò. Ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu, ọpọlọ ò mọ èyí tó máa gbà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni òógùn tútù á bo iwájú orí, itọ́ á kún ẹnu, òòyì á máa kọ́ èèyàn, lẹ́yìn náà ni èébì. Ìgbì tó sì burú jù fún ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tó ń gbé ọkọ̀ sókè tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní bí ìṣẹ́jú àáyá 5, gbígbọ̀n wéréwéré tí mọ́tò ń gbọ̀n lórí gálópù ò tó o.

Ẹ̀rí tó yí èmi gan-an lọ́kàn padà ni ti àwọn adití kan ní Amẹ́ríkà. Níparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí wọ́n ń múra àtirán èèyàn lọ sójú òfurufú, àwọn ológun ojú omi ibẹ̀ àti NASA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú níbẹ̀, gba ọkùnrin 11 láti Gallaudet College ní Washington, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà fún àwọn adití. Mẹ́wàá nínú wọn, àìsàn meningitis, èyí tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ wú, ló di wọ́n létí ní kékeré, àìsàn yẹn náà ló sì ba àwọn páìpù tí mo sọ yẹn jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń dán wọn wò lóríṣiríṣi. Wọ́n kó wọn wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan lápá Nova Scotia ní Kánádà, omi òkun ń ru gùdù, wọ́n fẹ́ mọ bí ara wọn ṣe máa gbà á. Àwọn adití jókòó, wọ́n ń ta káàdì, wọ́n ń gbádùn ara wọn, kò ṣe wọ́n bákan bàbàkan. Àwọn olùwádìí tó yẹ kó máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ni èébì gbé, ó le débi pé wọ́n ní láti fi iṣẹ́ ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ rò ó wò. Àwọn ọkùnrin yẹn ní ikùn bíi tiwa, wọ́n ní ìfun bíi tiwa, ohun tí kò ṣiṣẹ́ lára wọn ò ju nǹkan kóńkó inú etí yẹn lọ. Ká ní inú ló ń fà á, wọn ì bá bì lọ́jọ́ yẹn.

Kí ló wá dé tó jẹ́ èébì ni ọpọlọ ń pè? Ní 1977 onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Michel Treisman dá a lábàá pé láyé àtijọ́ tí kò sí mọ́tò kò sí ọkọ̀, ohun tó sábà máa ń mú kí ìròyìn ojú àti ti etí ta kora ni májèlé, torí náà tí ọpọlọ bá ti rí irú ẹ̀, ó gbà pé ẹ ti jẹ ohun tí kò dáa, ó ní kẹ́ ẹ bì í jáde. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló fara mọ́ ọn, àmọ́ ó tẹ́ mi lọ́rùn, torí ó jẹ́ ká rí i pé òkè ni àṣẹ ti ń wá, inú ò lè sọ pé òun ò ní nǹkan kan láti pọ̀. Tó bá kún, oúnjẹ ló máa bì, tó bá ṣófo, òróòro ló máa fà jáde, ìyẹn ló sì ń ta ọ̀fun, tó ń fa èèyàn níṣan ikùn, tó ń gba gbogbo agbára ara.

Àwọn ìyá wa ò parọ́ tán o. Téèyàn bá ki àmàlà àti gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ẹran ọlọ́ràá bọnu kó tó wọkọ̀, á rí i. Epo àti ọ̀rá máa ń pẹ́ nínú ikùn. Àmọ́ àjẹyó yàtọ̀ sí àjẹmọ́níwọ̀n, ọ̀nà tó wà láàrin àwẹ̀ àti àjẹkì yẹn gan-an ló dáa: nǹkan gbígbẹ, nǹkan tí kò lọ́ràá, díẹ̀díẹ̀, léraléra. Cabin biscuit tá a ń tà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo yìí wúlò gan-an, búrẹ́dì tí wọ́n yan, ẹ̀kọ, ìrẹsì funfun láìsí ọbẹ̀ ata. Ẹ máa fi omi tọ́ ọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ẹ má dà á mu lẹ́ẹ̀kan. Atalẹ̀ ń ran àwọn kan lọ́wọ́, yálà kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tàbí kẹ́ ẹ fi omi gbígbóná rẹ ẹ́. Ọtí ni kẹ́ ẹ yẹra fún pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tó ń tọ́jú yàrá wọn nínú ọkọ̀ ló gbé ápù tútù kan àti bisikíìtì gbígbẹ wá láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, kò sọ nǹkan kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ó sì jáde. Èmi náà ti ń bẹ̀ wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn gé ápù yẹn jẹ ní bíńtín bíńtín, bí ẹni ń jẹ obì, ó gbà tó wákàtí kan kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán, kò sì padà jáde.

Ohun kejì tí mo ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ kí wọ́n kúrò ní yàrá yẹn. Ṣé ẹ ti rí dẹ́rẹ́bà tó ń bì rí? Ó ṣọ̀wọ́n, torí ojú ẹ̀ wà lọ́nà, ó ti mọ kọ́nà kí ara tó mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọmọ tó jókòó lẹ́yìn tó dorí kọ fóònù, òun lọkọ̀ ń pa. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí òkun. Ibi tí sánmà ti pàdé omi lọ́ọ̀ọ́kán ni kẹ́ ẹ máa wò, ìyẹn kì í mì, ojú á wá máa sọ ohun tí etí ń sọ. Tí ìjì bá le tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìta, ẹ wá fèrèsé ńlá jókòó tì. Tíyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ dijú, ẹ má yí orí.

Ọ̀rọ̀ yàrá náà ṣe pàtàkì, àwọn ọmọ tó ń sanwó fún òbí ni mò ń bá wí. Pátákó gígùn táwọn ọmọdé fi ń ṣe jáńgílófà, tí ọ̀kan jókòó síbí tí èkejì jókòó sọ́hùn-ún, àwọn tó wà ní ìkángun méjèèjì ló ń lọ sókè sódò, àárín ò kúrò lójú kan. Ọkọ̀ òkun náà nìyẹn. Àárín ọkọ̀, ìsàlẹ̀, nítòsí omi, ibẹ̀ ni mímì ẹ̀ ti kéré jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, torí ìfẹ́, ó ti fowó kún owó kí màmá ẹ̀ lè ní yàrá òkè pátápátá níwájú ọkọ̀, ibi tó ń jù jù lọ.

Oògùn wà o, mo sì ń tà á, àmọ́ kí èébì tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, torí tí ikùn bá ti ń da nǹkan padà, hóró oògùn náà á bá a jáde. Dimenhydrinate wà, promethazine wà, wọ́n máa ń kunni lóorun, ẹ má fi ọtí sí i, ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ní promethazine. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ sẹ́yìn etí, scopolamine, ó yẹ kó ti wà lára ó kéré tán wákàtí 4 ṣáájú, ó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 3, ẹ fọwọ́ dáadáa tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn án torí tó bá kan ojú, ojú á máa ṣe bàìbàì. Ẹni tó bá ní glaucoma, àìsàn ojú tó lè fọ́ni lójú, bàbá tí próstéètì ń yọ lẹ́nu, aláboyún, ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan èyíkéyìí, mi ò kí ń tà á fún wọn láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí èébì bá pọ̀ tí omi gan-an ò dúró nínú, dókítà wà nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ lọ bá a kí omi ara tó gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi tún bi mí pé ọkọ̀ tó ń mì báyìí, ṣé kò ní dojú dé? Wọ́n ṣe é kó máa mì ni. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ wúwo, nǹkan kan bíi lẹbẹ ẹja sì wà lábẹ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ méjèèjì tó ń dín yíyí ẹ̀ kù, káfútìn ń wo ojú ọjọ́, ó lè yà kúrò lọ́nà ìjì. Titanic tó rì ní oṣù kẹrin 1912 tí èèyàn tó lé ní 1,500 kú, òkun pa rọ́rọ́ lóru yẹn, yìnyín ló forí sọ. Costa Concordia ní Ítálì ní oṣù kìíní 2012, èèyàn 32 kú, àpáta ló gbá, kò sí ìjì kankan. Ohun tó ń ṣe èèyàn léṣe nínú ìjì ni ṣíṣubú lórí àtẹ̀gùn àti ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn gbá mọ́ni níka, torí náà ẹ di irin mú, ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ara á ti mọ́ wọn. Ti ẹ̀gbọ́n mi náà mọ́ wọn, lọ́jọ́ kẹrin wọ́n jẹ ìrẹsì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n dé ilé ọmọ wọn, wọ́n tún pè mí, ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n ní àwọn wà ní bálùwẹ̀ àwọn di ògiri mú, ilẹ̀ ń fì bí ọkọ̀. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ọpọlọ tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí omi ló ń tún ti orí ilẹ̀ kọ́, ọjọ́ kan sí méjì ló sábà máa ń gbà, àmọ́ ẹni tí tiẹ̀ bá kọjá oṣù kan, kó lọ rí dókítà. Ti wọn lọ lọ́jọ́ kejì.