Ọkọ̀ Kejì Ti Gbéra, Wọ́n Wá Fi Yín Sí Íkónọ́mì: Owó Tó Tọ́ Sí Yín

Bí ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ bá pẹ́ débi pé ìkejì gbéra láìdúró dè yín, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ti máa ń wá ọkọ̀ mìíràn fún yín. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: ààyè tó ṣófo nínú ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ lọ. Bóyá bísínẹ́ẹ̀sì, kíláàsì tó wọ́n ju íkónọ́mì lọ, lẹ sanwó fún, bóyá ẹ san owó ọ̀tọ̀ kí ẹ lè jókòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìyẹn kò kàn án. Èmi tí mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì n'Íkẹjà, ẹni tó ti dé ibi tó ń lọ, tó ti sùn, tó ti jí, ló sábà máa ń pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí pé ṣé òun lè rí nǹkan gbà. Ó lè rí i gbà. Àmọ́ ohun tó ṣe ní káńtà lọ́jọ́ náà ló máa sọ bóyá owó ọ̀hún á yá tàbí á di ìjà.

Oníbàárà mi kan, ìyá àgbà tó ń lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Róòmù, pè mí láti Amsterdam. Bísínẹ́ẹ̀sì ni ọmọ rẹ̀ rà fún un láti Èkó dé Róòmù, nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Ọkọ̀ tó gbé e kúrò l'Ékòó ti pẹ́, èyí tó yẹ kó wọ̀ lọ sí Róòmù ti lọ.

"Wọ́n ti fún mi ní bébà tuntun, wọ́n ní ọkọ̀ ọ̀sán ni."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ọkọ̀ yẹn. Lẹ́tà kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Kí ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n mú gíláàsì mi… Y ni."

"J ló wà lórí èyí tí mo fún yín, mà. Wọ́n ti gbé yín lọ sí íkónọ́mì."

Lẹ́tà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo aago tí ọkọ̀ máa gbéra. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, J, C àti D jẹ́ ti bísínẹ́ẹ̀sì, Y, B àti M sì jẹ́ ti íkónọ́mì. Bí lẹ́tà bá ti yí padà, ẹ béèrè ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé ìgbà wo ni ọkọ̀ tó tún ní bísínẹ́ẹ̀sì máa lọ. Nígbà mìíràn, wákàtí méjì péré ni yóò fi pẹ́ ju èyí tí kọ̀ǹpútà mú lọ. Ìyá mi yìí kò fẹ́ dúró, orúnkún tàbí kò sórúnkún, ó fẹ́ rí ọmọ. Mo ní kó gbà á, kó sì ní kí ẹni tó wà ní káńtà kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé ilé-iṣẹ́ ló gbé e sílẹ̀ sí íkónọ́mì, kì í ṣe òun ló yàn án. Ẹ má fọwọ́ sí bébà kankan tó ní ẹ gbà bẹ́ẹ̀ tinútinú. Ẹ ya fọ́tò bódíǹgì páàsì méjèèjì, ti àtijọ́ àti tuntun. Ìwọ̀nyí gan-an ni ẹ̀rí yín.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 261/2004 sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá fi èrò sí kíláàsì tó rẹlẹ̀ ju èyí tó sanwó fún gbọ́dọ̀ dá apá kan owó náà padà láàárín ọjọ́ 7: ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún bí ọkọ̀ náà kò bá fò ju kìlómítà 1,500 lọ, ìdá 50 fún ti àárín, ìdá 75 fún èyí tó ju kìlómítà 3,500 lọ tó sì wọ ilẹ̀ Yúróòpù tàbí tó jáde níbẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọ́n rò pé gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa bá ṣe é. Rárá o. Lọ́dún 2016, ilé-ẹjọ́ gíga Yúróòpù là á yé wa nínú ẹjọ́ Mennens pẹ̀lú Emirates pé owó ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé yín sílẹ̀ nìkan ni, láìka àwọn owó orí tí kíláàsì kò yí padà. Bí tíkẹ́ẹ̀tì kò bá sì sọ iye tó jẹ́ ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, gígùn ọ̀nà ni wọ́n á fi pín in.

Amsterdam sí Róòmù kò tó kìlómítà 1,500, bẹ́ẹ̀ ni Èkó sí Amsterdam ju 5,000 lọ. Ọ̀nà kúkúrú yẹn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìrìn náà. Ká ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni owó àlọ láìka owó orí, apá ti Róòmù á jẹ́ ọgbọ̀n ọ̀kẹ́… ẹ má jẹ́ ká lo ìṣirò àwọn bàbá wa, ₦600,000 ni mo fẹ́ sọ. Ìdá 30 nínú rẹ̀ jẹ́ ₦180,000. Ká ní láti Èkó ni wọ́n ti gbé e sílẹ̀ ni, ìdá 75 nínú mílíọ̀nù méjì lé irínwó ẹgbẹ̀rún ni ì bá gbà, ìyẹn ₦1,800,000.

Owó yìí yàtọ̀ sí owó ìtanràn fún pípẹ́. Ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ dé ibi tó ń lọ gan-an, lórí tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan, lè béèrè tó 600 yúrò fún ọ̀nà jíjìn bí èyí. Ilé-iṣẹ́ lè bọ́ nínú ìyẹn bó bá jẹ́ ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ ló fa á, bí ọyẹ́ tó bo pápákọ̀ òfurufú Èkó lẹ́yìn Kérésìmesì tí awakọ̀ kò fi ríran. Ọyẹ́ kò yọ ọ́ nínú oúnjẹ àti ibùsùn, kò sì yọ ọ́ nínú owó kíláàsì. Bí wọ́n bá ní "ojú ọjọ́ ni", ẹ dá wọn lóhùn pé kì í ṣe ojú ọjọ́ lẹ ń béèrè owó rẹ̀.

Ta ni òfin yìí wà fún? Ẹni tó bá gbéra láti Yúróòpù, ọkọ̀ yòówù kó wọ̀. Ẹni tó ń ti Èkó lọ síbẹ̀, kìkì bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ló gbé e. Ìlú Ọba ní irú òfin kan náà lọ́tọ̀, £520 ló fi rọ́pò 600 yúrò. Ẹni tó ń ti Èkó gba Párísì lọ sí New York lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan kò sí lábẹ́ òfin Yúróòpù, bó tilẹ̀ sọ̀ níbẹ̀: ilé-ẹjọ́ kan náà ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2022. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, òfin Amẹ́ríkà ni kó dì mú. Láti ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dá ìyàtọ̀ owó kíláàsì méjèèjì padà fún ẹni tó bá gbà láti jókòó nísàlẹ̀. Ẹ̀tàn sì máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n lè fi owó íkónọ́mì ọjọ́ ìrìnàjò, tó ti gbẹ́nu sókè, ṣe ìṣirò, kí wọ́n ní ìyàtọ̀ kankan ò sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ra bísínẹ́ẹ̀sì, ẹ ya fọ́tò iye tí íkónọ́mì jẹ́ lójú ewé kan náà.

Bó ti wù kí inú bí yín tó, ẹ má lọ fi owó ara yín ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn kí ẹ fi ti wọn sílẹ̀. Bí ẹ kò bá wọ ọkọ̀ tí wọ́n fi yín sí, wọ́n lè fagi lé ìyókù, títí kan àbọ̀. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó lè jẹ èrè díẹ̀, ilé-iṣẹ́ kejì kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan bí àkọ́kọ́ bá pẹ́. Mo máa ń sọ ọ́, wọn kì í gbọ́.

Fún àwa tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ físà tún wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè gbé yín gba Frankfurt láìmọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà nílò físà kó tó lè gba inú pápákọ̀ òfurufú àwọn orílẹ̀-èdè Schengen (àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó ń lo físà kan náà) kọjá lọ síbòmíràn, àfi bó bá ní irú físà tó yọ ọ́ sílẹ̀, bíi ti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà tó ṣì wúlò. Ẹ sọ fún wọn ní káńtà kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì, nítorí ẹnu géètì ni wọ́n á ti dá yín padà.

Bí ẹ bá ti délé, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó gbé yín gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì oní-díjíìtì 13 àti fọ́tò méjèèjì. Wọ́n á kọ́kọ́ fún yín ní fáọ́ṣà. Lábẹ́ òfin Yúróòpù, fáọ́ṣà kò lè rọ́pò owó àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Ìyá oní-Róòmù gba tirẹ̀ lówó, àmọ́ àpò ọmọ rẹ̀ ni wọ́n san án sí, nítorí káàdì ọmọ ni wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ti wá di ọ̀rọ̀ ìdílé wọn.