Pákó inú ọgbà: òróró tó yẹ ẹ́ àti èyí tí kò yẹ ẹ́

Oil condemn tí wọ́n tú jáde látinú mọ́tò ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kun òpó ọgbà àti bẹ́ǹṣì ìta. Owó pọ́ọ́kú ni, ó sì ń lé kòkòrò fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀ irin tó jẹ látinú ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, àwọn èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ náà sì wà níbẹ̀. Òjò á fọ̀ ọ́ wọ inú ilẹ̀ tí ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí, ọmọ tó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà á sì gbé e wọlé lára aṣọ. Ẹ má jẹ́ kó kan àpótí onípákó tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sí láé.

Òróró tí kò ní májèlé tó lè ṣiṣẹ́ yẹn wà. Èyí tó bá ń gbẹ ni kí ẹ wá. Epo pupa, àdín àti òróró ẹ̀pà kì í gbẹ láéláé: wọ́n á rin inú pákó, wọ́n á máa kó eruku, wọ́n á kan, èèrà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò síbẹ̀. Òróró linseed, tí wọ́n ń fún látinú irúgbìn flax, àti òróró tung, tó wá látinú èso igi kan tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, yàtọ̀ sí wọn. Àwọn méjèèjì máa ń fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mọ́ra, wọ́n á sì le gan-an sínú ihò wẹ́wẹ́ ara igi, débi tí omi ò fi ní rọ́nà wọlé bó ṣe fẹ́.

Ẹ ka ara agolo dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ "boiled" sí lára kì í sábà jẹ́ òróró tí wọ́n kàn sè. Èròjà onírin bíi cobalt àti manganese ni wọ́n fi sí i kó lè tètè gbẹ. Fún àpótí ẹ̀fọ́, "raw linseed oil" ni kí ẹ béèrè, kódà bí yóò tilẹ̀ gbà tó ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan kí ìpele kọ̀ọ̀kan tó gbẹ. Tung wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ń lé omi jù ú lọ, àbàwọ́n dúdú kì í sì í tètè hù lára rẹ̀. Agolo tí wọ́n kọ "tung oil finish" sí sábà máa ń jẹ́ fáníìṣì tí wọ́n là. "Pure" tàbí 100% ni kí ẹ wá.

Fáníìṣì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lábẹ́ oòrùn tiwa, ojú rẹ̀ á sán, omi òjò á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rọ́nà jáde mọ́. Pákó á máa rà lábẹ́ ohun tó ń dán. Òróró ò ní ìyọnu yìí, torí kò fi awọ bo igi.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú igi tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àárín ìrókò, ọ̀pẹ̀pẹ̀, apá àti tíìkì lè gbé ìta fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n apá funfun tó wà lẹ́bàá èèpo wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Arère àti àfàrá kì í ṣe igi ìta, òróró ò sì lè sọ wọ́n di igi ìta. Ìrókò ní ìwà kan tó máa ń da káfíńtà láàmú: oje inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí òróró gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹ fi àkísà tí ẹ ta spirit sí nu ojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì fi òróró pa á lọ́jọ́ náà gan-an.

Pákó gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ gé kékeré lára rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n ilé ìdáná, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣì ń wálẹ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Òróró ò ní wọlé dáadáa. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, àmọ́ abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe nínú oòrùn ọ̀sán.

Ẹ fi sáńdípépà 80 ha á, lẹ́yìn náà 120, bí ìlà igi ṣe lọ. Ẹ má kọjá 120, torí pákó tó bá dán jù kì í mu òróró. Ẹ gbé abọ́ òróró sínú omi gbígbóná kó lè ṣàn dáadáa. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù là á. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wá nu gbogbo èyí tí igi kò mu kúrò pátápátá. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ lójú igi á di gọ́ọ̀mù tí ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, eruku ọyẹ́ á sì bò ó. Ìpele mẹ́ta ni kí ẹ ṣe. Lítà kan tó bẹ́ǹṣì ẹni mẹ́ta. Lẹ́yìn ìpele tó kẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí òjò pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán.

Ẹnu ibi tí ayùn gé ló ń fa omi jù lọ lára pákó, pàápàá ìdí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Ẹ máa kun ibẹ̀ léraléra títí tí kò fi ní mu mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ́ gíráàmù 100 ìda oyin sínú gíráàmù 500 òróró, kí ẹ fi abọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò omi gbígbóná. Ìda oyin máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 63°C, nítorí náà omi ò nílò láti hó, iná ò sì gbọdọ̀ kan abọ́ náà. Bó bá tutù tán, ẹ fi dí ẹnu igi. Ẹ má fi pa ibi ìjókòó, torí oòrùn á rọ̀ ọ́.

Àkísà tí ẹ fi nu òróró yìí lè gbiná fúnra rẹ̀. Bí òróró ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru wá, àkísà tí ẹ bá sì ká jọ á há ooru náà mọ́nú títí yóò fi jó. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níta títí yóò fi gan, tàbí kí ẹ rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ẹ má jù ú sínú àpò tí ìyẹ̀ pákó wà.

Òróró aláìláwọ̀ kì í dí oòrùn. Pákó á ṣì di eléérú. Àwọ̀ ló ń dí i. Fún fẹ́ǹsì tàbí ilé adìyẹ tí wọn ò fá pákó rẹ̀, ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ti ń lò ní Sweden tipẹ́ ló wù mí jù. Ẹ po gíráàmù 650 fúláwà pẹ̀lú omi tútù díẹ̀ lára omi lítà 8, ẹ dà á sínú ìyókù tó ń hó, kí ẹ máa rò ó bí ògì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ da kílò 2.5 ìyẹ̀fun iron oxide sí i, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, àti gíráàmù 250 iron sulphate, ìyẹn iyọ̀ onírin kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn. Ẹ wá da lítà kan òróró linseed sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ sè é fún iye ìṣẹ́jú kan náà, kí ẹ sì fi mílílítà 100 ọṣẹ olómi kádìí rẹ̀, kí òróró àti omi lè pò. Red oxide inú agolo tí wọ́n fi ń kun irin kọ́ ni mo ń sọ o. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Kò dára fún ibi tí èèyàn ń jókòó, torí ó lè ràn mọ́ aṣọ, kì í sì í lẹ̀ mọ́ pákó tí wọ́n ti fá kó dán.

Ní ti ikán, kò sí òróró kankan tó dá a dúró. Gíráàmù 60 borax àti gíráàmù 40 boric acid, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ìyẹ̀fun funfun, nínú lítà omi gbígbóná kan máa ń ran pákó tí ẹ kò tíì fi òróró pa lọ́wọ́: ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fi òróró bò ó, torí òjò á fọ̀ ọ́ kúrò bí ohunkóhun ò bá bò ó. Kò le bí oògùn apakòkòrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun eré: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, aboyún àti ọmọdé má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì lò ó fún àpótí ẹ̀fọ́, torí bó bá pọ̀ nínú ilẹ̀, ewé á jó. Ikán tún lè mọ ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ gba orí pákó náà kọjá. Ẹ gbé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì lé orí bíríkì tàbí kọnkéré kó má kan ilẹ̀, kí ẹ sì máa wo abẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Ibi tí ẹ bá ti rí ọ̀nà yẹ̀pẹ̀, ẹ gbá a dànù.

Ìṣó lásán máa ń dípẹtà, á sì ya ìlà dúdú sára ìrókò. Ẹ lo ṣíkúrù stainless. Bí olú wínníwínní bá yọ àmì dúdú lójú linseed níbi tí ibòji pọ̀, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ ha á díẹ̀, kí ẹ fi tung pa á.

Láti mọ ìgbà tó tó láti tún un kùn, ẹ máa kán omi sí i lẹ́yìn òjò ọdún kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ń yí kiri lórí rẹ̀ bí ti orí ewé kókò, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fún un ní ìpele kan péré.