Bí ọmọbìnrin ṣe padà sórí ogún bàbá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́

Ní Àjàṣẹ́ níbí, ìlú tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, bí bàbá kan bá kú, tí wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán, ẹbí á pe ìpàdé. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á ka ilé, wọ́n á ka ilẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ ọ́: «Ọmọbìnrin kì í jogún ilẹ̀. Àṣà wa ni.» Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, mo sì mọ̀ pé ohun tó dá wọn lójú ni wọ́n ń sọ. Àṣà yẹn ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lónìí, nítorí pé ohun tó sọ ọ́ di òfin, òyìnbó ló kọ ọ́, ìlú wa yìí ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́.

Nínú àṣà Yorùbá, ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń pín ogún. Ọ̀kan ni ìdí igi. Bí ọkùnrin kan bá fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀, tí ìyálé bí ọmọ kan, tí èkejì bí mẹ́rin, tí èyí àbúrò bí méjì, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n á pín dúkìá rẹ̀ sí. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyálé bí á dá ìdá kan nínú mẹ́ta ní, àwọn mẹ́rin á jọ pín ìdá tiwọn. Ọ̀nà kejì ni orí-ò-jorí: ọmọ méje, ìpín méje. Nínú méjèèjì, ọmọ ni wọ́n ń kà. Ìyàwó tó bí obìnrin mẹ́ta láìbí ọkùnrin kankan ní ìdí igi tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi ti ìyẹn sílẹ̀ kó tó máa ka ti àwọn tó kù. Ní Èkó pàápàá, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908, ilé-ẹjọ́ gbà pé obìnrin lè di olórí ẹbí bí òun ló bá dàgbà jù nínú àwọn ọmọ tó kù.

Àjàṣẹ́ tún ní ọ̀nà kẹta. Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwa Yorùbá ìlú yìí, àáfà ló sì ń pín ogún wọn. Ìpín ọmọbìnrin níbẹ̀ jẹ́ ìdajì ti ọmọkùnrin. Ó kéré, ṣùgbọ́n ìpín ni, kò sí àáfà kan tó lè sọ pé kò sí.

N kò ní purọ́ pé àwọn baba wa kò rẹ́ obìnrin jẹ. Obìnrin a lọ sílé ọkọ, ọkùnrin a kù sórí ilẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń ro ó, òun ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó háyà yàrá, lẹ́yìn ogún ọdún ilé ti di tirẹ̀ lẹ́nu gbogbo àdúgbò. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn. Obìnrin lè padà wá, kó jókòó síwájú àwọn àgbà, kó béèrè, wọ́n sì lè tún un ṣe fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ìwé ni ọ̀nà yẹn dí.

Nígbà tí Faransé gba ilẹ̀ yìí, ọ̀nà ìdájọ́ méjì ni wọ́n là sílẹ̀. Ará Faransé àti àwọn díẹ̀ tí wọ́n kà mọ́ ara wọn ń lo òfin Faransé. Àwa yòókù, àwọn tí wọ́n ń pè ní «indigènes», ìyẹn ọmọ ìbílẹ̀, àṣà ìbílẹ̀ wa ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi dá ẹjọ́ wa. Àṣẹ tí wọ́n pa ní 1903 ló to ilé-ẹjọ́ irú bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó jọ ohun tó dára. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó jókòó sórí àga ìdájọ́ kò gbọ́ èdè àwọn tó wá rojọ́, bẹ́ẹ̀ ni àṣà ìlú kan kò jọ ti ìkejì. Ìwé kan ni wọ́n ń wá tí adájọ́ lè ṣí, kó nawọ́ sí ìlà kan, kó sì dá ẹjọ́.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1931, Brévié, gómìnà àgbà tó wà ní Dakar, fi lẹ́tà àṣẹ ránṣẹ́ sí àwọn gómìnà abẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n kó àṣà àwọn ènìyàn ibi tí wọ́n ń ṣàkóso jọ sínú ìwé. Àṣẹ yẹn ló bí ìwé tí wọ́n pè ní Coutumier du Dahomey, ìyẹn ìwé àṣà ilẹ̀ Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àjàṣẹ́ ni olú ìlú Dahomey nígbà náà, ilé ìtẹ̀wé ìjọba tó wà níbí ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1933. Fọ̀n, Ègùn, Ànàgó, Bàrùbá, gbogbo wọn ni wọ́n kó sínú ìwé kan náà. Nípa obìnrin, ìwé náà kọ ọ́ pé kò ní agbára kankan níwájú òfin, pé òun fúnra rẹ̀ wà lára dúkìá àti ogún.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí gbólóhùn yẹn. Lójú tèmi, opó ṣíṣú ni wọ́n rí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, àbúrò olóògbé a máa ṣú ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ilẹ̀ wa tó ń ná ọjà Àjàṣẹ́, tó ń yá ọkùnrin lówó, tó ń fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jogún òun náà, báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ wò ó kó pè é ní dúkìá?

Láti ìgbà náà ni àṣà ti dúró sójú kan. Bí ẹbí kan ní Kétu tilẹ̀ ti ń fún àwọn ọmọbìnrin wọn ní ìpín láti ayé bàbá ńlá wọn, tí ẹjọ́ bá ti dé ilé-ẹjọ́, ìwé ni adájọ́ ń ṣí. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ wá rí ohun tó lè fẹ̀yìn tì.

Òmìnira dé ní 1960, ìwé náà wà níbẹ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè yí padà sí Benin ní 1975, ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà náà, àwọn ilé-ẹjọ́ wa ní ìyẹ̀wù kan tó ń lo òfin ìgbàlódé, wọ́n ní òmíràn tó ń lo òfin ìbílẹ̀, ẹjọ́ ogún àti ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lọ sí ti ìbílẹ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1990 ló kọ́kọ́ mì í, torí ó sọ ọ́ ní kedere pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba lẹ́tọ̀ọ́. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n gbé Coutumier fúnra rẹ̀ dé iwájú Cour constitutionnelle, ilé-ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀, ní Kútọnu. Obìnrin ni ààrẹ ilé-ẹjọ́ yẹn, Elisabeth Pognon. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wẹwẹ ọdún 1996, nínú ìdájọ́ DCC 96-063, wọ́n sọ pé ìwé yẹn kò ní agbára òfin ní orílẹ̀-èdè Benin, pé adájọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ gbé ìdájọ́ rẹ̀ lé e. Ọdún márùndínláàádọ́rin ti kọjá láti ìgbà tí lẹ́tà Brévié ti jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé tuntun ni a wá ń wá. Àwọn aṣòfin dìbò fún òfin ẹbí ní oṣù Òkùdù ọdún 2002, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ọkùnrin láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ. Cour constitutionnelle dá a padà ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà pé ìyẹn kò bá ìdọ́gba mu. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún dìbò sí i ní oṣù Òkùdù 2004, ààrẹ sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 24 oṣù Ògún. Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n ti dìbò náà, nínú ilé tí àwọn gómìnà Faransé ń gbé tẹ́lẹ̀, tí a ṣì ń pè ní Palais des Gouverneurs. Mi ò kì í gba iwájú ilé yẹn kọjá kí n má wò ó.

Òfin 2004 yìí ló dáhùn ìbéèrè bóyá ọmọbìnrin ń jogún: àwọn ọmọ ń jogún bàbá àti ìyá wọn lọ́gbọọgba, akọ tàbí abo, àgbà tàbí ọmọdé, ìbáà ṣe ọmọ ìyàwó ilé tàbí ọmọ ìta. Opó náà ní ìpín. Ìwé ìhágún kò lè gba gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí òfin ilẹ̀ dé ní 2013, òun náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjọba gbọ́dọ̀ rí i pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú: ilẹ̀ ẹbí yàtọ̀ sí ilé tí bàbá fi owó ara rẹ̀ kọ́. Ilẹ̀ tí bàbá ńlá fi sílẹ̀ fún gbogbo ìdílé, ẹnì kan kò lè dá a tà, ẹbí ló gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Ilé bàbá ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń pín.

Ìpàdé ẹbí ṣì wà, òfin kò pa á rẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú procès-verbal, ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, orúkọ àwọn ajogún á wà nínú rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n yàn pé kó bójú tó dúkìá, wọ́n á sì gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ kí adájọ́ fi òǹtẹ̀ lù ú. Ibẹ̀ ni jàǹbá wà báyìí. Kò sẹ́ni tó ń ṣí Coutumier mọ́. Wọ́n kàn máa ń gbàgbé láti kọ orúkọ àwọn obìnrin ni, tàbí kí wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ̀ka síbí, pé torí ìsìnkú ni.

Ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò bàbá mi obìnrin nìyẹn. Wọ́n gbé ìwé wá bá a nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n kà. Ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ di alẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní tẹ́míná, kíláàsì ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà náà, ló kà á fún un lábẹ́ iná: ọmọkùnrin mẹ́rin ni orúkọ wọn wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajogún bàbá wọn, kò sí obìnrin kankan. Àbúrò bàbá mi yìí kò jà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, «Bọ̀dá, orúkọ mẹ́rin ló wà níbí. Ọmọ mélòó ni Bàbá bí?»

Ẹ̀gbọ́n wọn dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n bá òun wá bíírò.