Bí Ìwàásù Ṣe Ń Di Ogun: Ọ̀nà Tí Àwọn Ẹgbẹ́ Agbésùnmọ̀mí Òde Òní Ń Gbà Dìde

Nígbà tí ìròyìn bọ́ǹbù tàbí ìjínigbé bá ti Òkè Ọya dé Òṣogbo, àríyànjiyàn tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn kì í sábà ju ọ̀nà méjì lọ: àwọn kan á ní ẹ̀sìn ló fà á, àwọn yòókù á ní ebi ni. Ìdáhùn méjèèjì kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ní Òṣogbo kan náà, Mùsùlùmí, ọmọlẹ́yìn Kristi àti olórìṣà ń gbé inú agboolé kan ṣoṣo, wọ́n jọ ń sọmọ lórúkọ, wọ́n jọ ń sìnkú, wọn kò sì torí ẹ̀sìn gbé ìbọn sí ara wọn. Àìríṣẹ́ṣe náà kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọ̀dọ́ ìlú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀sìn tàbí ebi nìkan tó láti sọ ènìyàn di agbésùnmọ̀mí, ì bá má sí ìlú kan ní Nàìjíríà tí kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Àwọn mìíràn tún máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí wé ogun ọdún 1840, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo. Àfiwé náà kò gún régé. Ogun ìgbà náà jẹ́ ogun láàárín ìlú sí ìlú, tó ní balógun, tó ní ibùdó, tó sì ní ilẹ̀ tó fẹ́ gbà. Agbésùnmọ̀mí òde òní kì í sábà wá ọmọ ogun kiri. Ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ ló ń dójú lé, nítorí pé ẹ̀rù tó ń kó bá àwọn tó ṣẹ́ kù ló wúlò fún un ju òkú tó sùn lọ. Ó fẹ́ kí ará ìlú gbà pé ìjọba kò lè dáàbò bò wọ́n, ó sì fẹ́ kí ìjọba fi ìbínú ṣe ohun tí yóò sọ ará ìlú di ọ̀tá rẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Boko Haram ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Ní nǹkan bí ọdún 2002 ni Mohammed Yusuf, oníwàásù kan ní Maiduguri, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọlẹ́yìn jọ. Ó ń kọ́ wọn pé èèwọ̀ ni ẹ̀kọ́ ìwé òyìnbó àti iṣẹ́ ìjọba fún Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tí àwọn ààfáà ńláńlá ní Òkè Ọya fúnra wọn ta kò ní gbangba. Ṣùgbọ́n ìwàásù nìkan kọ́ ló ń fa èrò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ rí i pé owó epo ń wọlé, pé àwọn olóṣèlú ń kọ́lé lé ilé, nígbà tí ọ̀nà àti ilé ìwòsàn àdúgbò tiwọn ń bàjẹ́ lọ. Yusuf bá wọn dárúkọ ẹni tí wọn yóò bínú sí, ó tún fún wọn ní oúnjẹ, ibi tí wọn yóò sùn, àti ẹgbẹ́ tí wọn yóò máa pè ní tiwọn.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí ni ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń fò dá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, àwọn agbófinró àti àwọn ọmọlẹ́yìn Yusuf forí gbárí lórí òfin tó ní kí ọlọ́kadà máa dé akoto, wọ́n sì yìnbọn fún àwọn kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ọ̀rọ̀ ti di bó ò lọ o yà fún mi ní ìpínlẹ̀ mélòó kan. Àwọn tó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ lé ní 700. Àwọn ọmọ ogun mú Yusuf láàyè, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó sì kú sí àhámọ́ wọn ní ọjọ́ 30 oṣù náà láìfojú ba ilé ẹjọ́. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán. Abubakar Shekau ló bọ́ sípò rẹ̀, ó fi ikú ọ̀gá rẹ̀ ṣe ìwàásù tuntun, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ẹgbẹ́ náà ti já ọgbà ẹ̀wọ̀n Bauchi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bọ́ǹbù bú ní olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ní ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Abuja.

Kì í ṣe Borno nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ìwádìí tí UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé jáde lọ́dún 2017, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn tó fínnúfíndọ̀ wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà sọ̀rọ̀, fi hàn pé ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ohun tí ìjọba ṣe, bíi pípa tàbí mímú ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ wọn, ló sún wọn dé ìdí ìpinnu náà. Èyí kò sọ apànìyàn di aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Ó kàn jẹ́ ká mọ ibi tí ẹgbẹ́ náà ti ń rí ènìyàn kún ènìyàn ni.

Orúkọ ńlá láti òkèèrè ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí. Al-Qaeda bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1988 láti inú ogun tí wọ́n bá Soviet jà ní Afghanistan. Ẹgbẹ́ ISIS sì hù láti inú rúkèrúdò tó bá Iraq lẹ́yìn ọdún 2003. Nígbà tí Shekau búra fún ISIS ní oṣù kẹta ọdún 2015, ó rí òkìkí àti ìrànwọ́ nípa fídíò gbà, ṣùgbọ́n ìjà náà bá a wọlé. Lọ́dún 2016, ISIS yan Abu Musab al-Barnawi, ọmọ Yusuf, ní olórí dípò rẹ̀, ẹgbẹ́ náà pín sí méjì, ìkọlù àwọn ọmọ ẹ̀yìn al-Barnawi tí wọ́n ń pè ní ISWAP ni Shekau sì bá lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2021. (Àwọn tó bá ń rò pé Mùsùlùmí nìkan ni ń dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ lè wo LRA, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ Joseph Kony ní Uganda, tàbí Aum Shinrikyo, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan ní Japan tó tú gáàsì olóró sínú ọkọ̀ ojú irin ní Tokyo lọ́dún 1995.)

Èrèdí tí oníkálukú fi wà nínú ẹgbẹ́ kì í dọ́gba. Agbára láti ṣàkóso ni àwọn olórí ń wá. Láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ẹ̀san ni ti àwọn kan, owó tàbí ìyàwó ni ti àwọn mìíràn, àwọn mìíràn sì wọlé kí ẹgbẹ́ náà má baà pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọdé àti obìnrin ni wọ́n sì jí gbé, tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá ti ní ilẹ̀ lọ́wọ́, owó kì í tún fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ọn: ní agbègbè Adágún Chad, ISWAP ń gba owó orí lọ́wọ́ apẹja, àgbẹ̀ àti darandaran, ó sì ń dá ẹjọ́ láàárín wọn, ìdí nìyí tí pípa olórí kan kì í fi í tú u ká.

Ní ti òfò, Chibok ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí, níbi tí wọ́n ti jí ọmọbìnrin 276 gbé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014. Èyí tó pọ̀ jù kò dé iwájú ìwé ìròyìn. Ìṣirò UNDP sọ pé nígbà tí ọdún 2020 fi máa parí, rògbòdìyàn àríwá ìlà oòrùn Nàìjíríà ti fa ikú ènìyàn tó sún mọ́ 350,000, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìbọn kọ́ ló pa ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Oko tí kò ṣeé dá mọ́, omi ẹlẹ́gbin àti ilé ìwòsàn tó ti jóná ni. Àwọn tó sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹja gbígbẹ tó ń ti Baga wá sí àwọn ọjà ilẹ̀ Yorùbá wà lára òwò tí ogun náà dà rú, nítorí náà ẹni tó ń nájà ní Ọjà Ọba ti ń san nínú gbèsè ogun náà láìmọ̀.

Ewu náà fúnra rẹ̀ ti sún mọ́ tòsí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n kọlu ìjọ Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀, ènìyàn bí ogójì sì kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn olórí méjì nínú ẹgbẹ́ Ansaru, ẹgbẹ́ tó ya kúrò lára Boko Haram, tí ọ̀kan nínú wọn ń darí ikọ̀ tó fi agbègbè igbó Kainji ṣe ibùgbé, igbó tó wọ ìpínlẹ̀ Kwara, Kwara sì bá Ọ̀ṣun pààlà. Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020, gbára lé ohun tí ọdẹ, àgbẹ̀ àti darandaran bá rí nínú igbó. Ẹni tí wọ́n bá ti ń fojú ọ̀daràn wò tẹ́lẹ̀ kì í sọ ohun tó rí. Nítorí náà, bí àwọn agbófinró bá ń kó àwọn Hausa tó ń gbé ní Sábó Òṣogbo láìsí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn wọn ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níbòmíràn, àwọn tó kọ́kọ́ lè gbọ́ èdè àjèjì tó bá wọ ìlú kí wọ́n sì ké gbàjarè ni wọ́n ń pa lẹ́nu mọ́.