Ta Ni Ó Ń Ka Ọta? Bí Ìwé Yàrá Ìbọn Ọlọ́pàá Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Láti oṣù Kìíní ọdún 2020 tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ni àríyànjiyàn ti ń lọ lórí irú ìbọn tí ó yẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà gbé. Àwọn kan ní ṣakabùlà kò lè dojú kọ AK-47. Àwọn mìíràn ní bí AK-47 bá bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn olóṣèlú ni yóò máa fi í dẹ́rù ba alátakò wọn. Rotimi Akeredolu, tí ó jẹ́ gómìnà Òndó nígbà náà, bá ìjọba àpapọ̀ fa ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba ní ọdún 2022. Tọ̀tún tòsì, ẹni tí ó gbé ìbọn nìkan ni wọ́n ń wò. Apá kan wà nínú ètò yìí tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó máa ń pinnu bóyá ẹnikẹ́ni yóò jíhìn nígbà tí ènìyàn bá kú, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń ka ọta.

Ti òfin kò gba àlàyé gígùn. Abala 33 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ àwọn ìgbà díẹ̀ tí agbára tí ó mú ẹ̀mí lọ lè bá òfin mu, Àṣẹ 237 ti iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2019, sì sọ ìgbà tí ọlọ́pàá lè yìnbọn. Iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìbọn.

Kí ọlọ́pàá tó jáde lọ sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí ó ń tọ́jú yàrá náà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àti ipò rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ìbọn, iye ọta tí ó gbà, àti àkókò tí ó gbà á. Ọlọ́pàá náà á wá fọwọ́ sí i. Nígbà tí ó bá dé, wọ́n á tún ọta kà. Bí ọgbọ̀n bá jáde tí méjìdínlọ́gbọ̀n sì padà, méjì tí kò sí gbọ́dọ̀ ní àlàyé lórí ìwé. Ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí pọ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ, nítorí pé kò nílò ẹlẹ́rìí. Bí gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ tilẹ̀ sá lọ, tí ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lanu, àyọkúrò lásán ti sọ ìbọn tí ó yìn, ọwọ́ tí ó wà, àti iye ìgbà tí ó yìn.

Àmọ́ bí a bá fi ìwé yìí wé ti alájọ, a ó rí ohun tí ó kù nínú rẹ̀. Alájọ ní ìwé lọ́wọ́, oníbàárà náà sì ní káàdì tirẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá wọlé, méjèèjì ni wọ́n ń sàmì sí. Bí oṣù bá parí, tí alájọ ní ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni ìyá aláta san, tí káàdì ìyá aláta sì fi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n hàn, ìjà dé nìyẹn, ṣùgbọ́n ìjà tí ó ní ẹ̀rí ni. Alájọ kò lè jókòó lóru tún ìwé kọ, torí káàdì kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Kódà bí òjò bá ba ìwé rẹ̀ jẹ́, ó lè fi káàdì àwọn oníbàárà kọ òmíràn. Ìwé yàrá ìbọn kò ní káàdì. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ àti ẹni tí ó ń fọwọ́ sí i jọ wà ní àgọ́ kan náà ni, ọ̀gá kan náà ni wọ́n jọ ń bẹ̀rù, ará ìlú tí ọta lè bà kò sì ní ẹ̀dà kankan lọ́wọ́.

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di àṣà lẹ́nu àwọn agbófinró, tí àwa náà sì ti gbà láìbéèrè, pé ìbọn ló ṣèèṣì dún. Ó yẹ kí a wo ohun tí ìbọn náà máa ń gbà kí ó tó dún. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún AK-47 ni irin pẹlẹbẹ kan wà tí ó ń lọ sókè sódò. Bí ó bá wà lókè pátápátá, ìbọn náà wà ní títì, kò ṣeé fà, kò sì ṣeé kó ọta sí lẹ́nu. Ẹni tí yóò yìn ín ní láti ki mágásíìnì bọ̀ ọ́, kí ó fa irin náà wálẹ̀, kí ó fa apá ẹ̀yìn ìbọn sẹ́yìn kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ọta lè wọlé, kí ó sì wá fi ìka fà á. Ohun tí ó tún burú ni pé nígbà tí irin náà bá kúrò lókè, ipò tí ìbọn yóò fi máa yìn léraléra ni ó kọ́kọ́ kàn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tí àyà rẹ̀ já, tí kò sì gba ìdánrawò tó, lè dúró sí àárín láìmọ̀. Òótọ́ ni pé ìbọn tí ó ti gbó lè yìn bí ó bá já bọ́, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìbọn náà lè fi èyí hàn. Nítorí náà, “ó ṣèèṣì” kì í ṣe ìdáhùn. Ta ni ó kó ọta sí i lẹ́nu láàárín èrò, ta ni ó sì kọ́ ọ láti máa rìn kiri bẹ́ẹ̀?

Bí ìwé bá sì ṣe ségesège, èèpo ọta tí ó fò sílẹ̀ ṣì kù. Irin tí ó gún ìdí ọta kí ó tó yìn máa ń fi àpá sílẹ̀, èyí tí ó fa èèpo jáde náà ń ha á lára, àwọn ilà inú ọ̀pá ìbọn sì ń fá òjé, ìyẹn orí ọta tí ó ń fò lọ, bí ó ti ń kọjá. Àwọn onímọ̀ á yin ìbọn tí wọ́n fura sí sínú omi, wọ́n á sì fi àpá wé àpá. Ní ìdí èèpo kan náà ni àmì iléeṣẹ́ tí ó ṣe é sábà máa ń wà. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ too-geeti Lẹ́kkí ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, Ọ̀gágun Ahmed Taiwo sọ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba Èkó tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi darí pé àtọta gidi àtèyí tí kò ní orí òjé ni àwọn sójà kó dání. Àwọn oníròyìn CNN sì tọ ipasẹ̀ àwọn èèpo kan tí wọ́n rí níbẹ̀ dé orílẹ̀-èdè Serbia. Àmì iléeṣẹ́ kò lè sọ ju ibẹ̀ lọ. Ní Bràsíìlì, òfin ọdún 2003 ní kí wọ́n tẹ nọ́ńbà ìdì sára ọta tí wọ́n bá tà fún agbófinró, ìyẹn ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèpo tí wọ́n rí níbi tí wọ́n ti pa Marielle Franco, aṣòfin ìlú Rio de Janeiro, ní ọdún 2018 wá láti inú ìdì tí wọ́n tà fún ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ wọn ní 2006. Nọ́ńbà yẹn kò sọ ẹni tí ó yìnbọn, ṣùgbọ́n ó sọ ilé tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ béèrè.

Ìwé yàrá ìbọn ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa agbẹjọ́rò kan tí ó lóyún nínú ọkọ̀ ní Ajah. Iye ọta tí wọ́n fún ọlọ́pàá náà àti iye tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n gbé síwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga Èkó, tí ó dájọ́ ikú fún un ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023. Ní òdìkejì, Olùyẹ̀wé-owó-wò Àgbà fún ìjọba àpapọ̀ kọ ọ́ nínú ìròyìn ọdún 2019 pé ìbọn 178,459 ni kò ní àlàyé lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, AK-47 sì ni 88,078 nínú wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Aṣòfin Àgbà tún ń béèrè ìbọn 3,907 lọ́wọ́ wọn. Ibi tí ìbọn fúnra rẹ̀ kò bá ti ní àkọsílẹ̀, ta ni yóò máa ka ọta?

Ní Èkó, ohun kan wà tí ó súnmọ́ káàdì oníbàárà. Òfin ọdún 2007 lórí ìwádìí ikú fún májísíréètì ní agbára láti wádìí ikú tí kò ti ọwọ́ àìsàn wá, kí ó pe ẹlẹ́rìí, kí ó sì ní kí wọ́n gbé ìwé yàrá ìbọn wá síwájú òun ní gbangba, níṣojú ẹbí olóògbé. Kò sí lábẹ́ ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, kò sì nílò kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi ikú náà tó o létí, bí ẹbí bá sì ti sin òkú lọ́jọ́ kejì láìsí àyẹ̀wò dókítà, kò ní rí òjé kankan tí wọn yóò fi wé ìbọn tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé.