Kànga Tó Di Mùsíọ́mù: Bí Wọ́n Ṣe Rí Àwọn Ọmọ Ogun Alámọ̀ ní Ṣáínà

Omi ni wọ́n ń wá. Ní oṣù kẹta ọdún 1974, ọ̀dá ti dá àwọn àgbẹ̀ abúlé Xiyang lágara, ní ẹkùn Lintong tó wà nítòsí ìlú Xi'an. Àwọn ọkùnrin kan kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, wọ́n ń gbẹ́ kànga. Yang Zhifa wà lára wọn. Wọn ò tíì jìn tó ibi tí omi wà tí wọ́n fi kan ilẹ̀ pupa kan tó le koránkorán. Nígbà tó yá, àpáàdì ló kù tí wọ́n ń hú jáde, lẹ́yìn náà ni èjìká àti àyà ohun kan tó jọ èèyàn, tí kò lórí.

Àwọn kan lábúlé ní òrìṣà ilé ìsìn àtijọ́ ni. Ọfà idẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn kan sì kó lára rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ká ní bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ṣe parí, kò sẹ́ni tí ì bá gbọ́ nípa Xiyang títí dòní.

Bí bọ́ọ̀sì bá já àwọn arìnrìn-àjò sílẹ̀ níbẹ̀ báyìí, tí amọ̀nà gbé àsíá rẹ̀ sókè kí èèyàn rẹ̀ kankan má baà sọnù sínú èrò, Kòtò Kìíní, èyí tó tóbi jù nínú kòtò mẹ́ta tí àwọn ère náà wà, ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Òrùlé ibẹ̀ ga bí ibi tí wọ́n ń gbé bàálù sí. Kòtò náà gùn ní mítà 230, ó sì fẹ̀ ní mítà 62. Òkè lèèyàn ń dúró sí, tí á máa wo àwọn ọmọ ogun tó tò lọ bẹẹrẹ nísàlẹ̀. Wọ́n fi pátákó sàmì sí ibi tí kànga wà, amọ̀nà á sì ní, "Àgbẹ̀ ló rí i o!" Kò parọ́. Àmọ́ lójú tèmi, ẹni tó yẹ kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń dá a lọ ni Zhao Kangmin.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Zhao, òun ló ń bójú tó àwọn ohun àtijọ́ ní Lintong. Bó ṣe gbọ́ ohun tí wọ́n hú jáde, orí kẹ̀kẹ́ ló gbà débẹ̀, pẹ̀lú eré. Ó ṣa gbogbo àpáàdì náà, àtèyí tí kò ju èékánná lọ. Ó fọ̀ wọ́n, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ọmọ ogun méjì fi dìde dúró. Ó wá dákẹ́. Ìyípadà Àṣà tí Mao Zedong, olórí Ṣáínà nígbà náà, dá sílẹ̀ láti pa àṣà àtijọ́ rẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, ojú Zhao sì ti rí nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ́ ohun àtijọ́. Oníròyìn kan láti iléeṣẹ́ Xinhua, tó wá kí àwọn èèyàn rẹ̀ nílé, ló rí àwọn ère náà, ló bá kọ̀wé sí Beijing. Nínú oṣù keje ọdún yẹn, ikọ̀ awalẹ̀pìtàn tí Yuan Zhongyi léwájú dé. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni.

Qin Shi Huang, ọba ńlá àkọ́kọ́ ní Ṣáínà, ló ni àwọn ọmọ ogun náà; wọ́n sin wọ́n láti máa ṣọ́ ibojì rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó jọba ní Qin, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba tó wà ní Ṣáínà nígbà náà. Ní ọdún 221 ṣáájú ìbí Kristi, ó ti ṣẹ́gun gbogbo ìjọba yòókù, ó sọ wọ́n di ọ̀kan. Ọdún 11 lẹ́yìn náà ló wàjà. Òkìtì ibojì rẹ̀ kò ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ sí àwọn kòtò náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Sima Qian, òpìtàn tó kọ̀wé nípa ibojì náà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 òṣìṣẹ́, ó sọ̀rọ̀ nípa odò tí wọ́n fi mẹ́kúrì ṣe, kò sì wí nǹkan kan nípa ọmọ ogun alámọ̀. Ẹ ò rí i pé kò síbi tẹ́nikẹ́ni ti lè kà á tẹ́lẹ̀.

Ọdún 1976 ni wọ́n rí Kòtò Kejì àti Ìkẹta. Ọdún yẹn náà ni Lee Kuan Yew, olórí ìjọba Singapore nígbà náà, wá síbẹ̀. Jacques Chirac, olóṣèlú ilẹ̀ Faransé, tẹ̀ lé e ní 1978, òun ló sì pe ibẹ̀ ní ìyanu kẹjọ láyé, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ta ìrìn-àjò ò jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu wọn mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979, tí mùsíọ́mù náà ṣí, wọ́n ti kọ́ òrùlé bo Kòtò Kìíní, iṣẹ́ ò sì dúró: wọ́n ń walẹ̀, èrò ń wò wọ́n. Ọba Elizabeth Kejì dé ibẹ̀ ní 1986. UNESCO fi orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1987.

Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ère ni wọ́n fojú bù pé ó wà nínú kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, púpọ̀ nínú wọn ṣì wà nílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Wọ́n kun àwọn ère náà ní àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ àlùkò nígbà ayé ọba. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá fẹ́ sí oje igi tó wà lábẹ́ ọ̀dà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń ká kò, tí yóò ṣí dànù tòun tàwọ̀. Èyí tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀ wà láìléwu.

Bí ẹ bá bá ọ̀wọ́ lọ, ẹ wá tafàtafà tó kúnlẹ̀ lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀: okùn tí wọ́n fi rán an hàn ketekete, ó ṣù mọ́ra níwájú àti ní gìgísẹ̀, ó fọ́nká láàárín. Ẹ má sì jẹ́ kí amọ̀nà kánjú yín kúrò ní Kòtò Kìíní kí ẹ tó dé ẹ̀yìn pátápátá. Ibẹ̀ ni àwọn ère tí kò tíì lórí wà lórí ìdúró, pẹ̀lú nọ́ńbà lára wọn, níbi tí wọ́n ti ń lẹ àpáàdì mọ́ àpáàdì. Zhao kú ní 2018. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.