"Ẹ gbà mí o" lédè Ítálì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọdún Júbílì 2025 kó èrò láti gbogbo ayé lọ sí Róòmù, ìbéèrè kan náà sì ń jà ràn-ìn: ìwé kan ní tí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé ká pe 113, òmíràn ní 118, ìròyìn ní 112. Èwo ni ká gbà?

Èwo gan-an ni?
112.

Ṣé irọ́ ni àwọn yòókù?
Rárá. 113 ni ti ọlọ́pàá, 115 ti panápaná, 118 ti áńbúláǹsì. Láti 2010 ni wọ́n ti ń kó wọn sábẹ́ 112, ẹkùn kan lẹ́yìn òmíràn, Lombardia ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ń ta kora.

Kí ni màá sọ tí wọ́n bá gbé e?
Ibi tí ẹ wà: "Dove si trova?" ni wọ́n máa bi yín. Ẹ má tíì bọ́ sórí ìtàn bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. "Sono alla stazione Termini": mo wà ní ibùdókọ̀ ojú irin Termini. Lẹ́yìn náà, "non respira", kò mí mọ́. "Perde sangue", ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. "È incinta", ó lóyún. Fáwẹ́lì ló ń parí ọ̀rọ̀ wọn bíi tiwa, ẹ ò ní í kọsẹ̀.

Tí kò bá sí fóònù lọ́wọ́?
"Aiuto!" (a-yú-to) ni "ẹ gbà mí o". "Al ladro!" ni "olè! olè!". "Al fuoco!" ni "iná o!".

"Pronto" ni wọ́n fi ń dáhùn fóònù. Kí ló gbé e dé ara ilé ìwòsàn?
"Mo ti ṣetán" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù ti ṣetán láti gbọ́. "Pronto Soccorso" ni ìrànwọ́ tó wà ní sẹpẹ́, ìyẹn ẹ̀ka pàjáwìrì. Pé ó wà ní sẹpẹ́ kò ní kẹ́ ẹ má jókòó o. Nọ́ọ̀sì yóò fún yín ní àwọ̀: "rosso" (pupa) ń wọlé lójú ẹsẹ̀, "bianco" (funfun) á jókòó pẹ́, ó sì lè sanwó lé e. Ibí ni ìwà "a dúpẹ́" tiwa ti ń pa wá lára. Ẹni tí àyà ń dùn tí wọ́n bi pé "Come sta?" (báwo ni ara yín?), tó wá fèsì pé "Bene" (dáadáa ni), ti fẹnu ara rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn ìlà. "Mi fa male qui" (ibí yìí ń dùn mí) ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ fi ìka kan ibẹ̀.

Wọ́n jí ìwé ìrìnnà mi ńkọ́?
"Mi hanno rubato il passaporto" (h kì í dún). Ẹ lọ ṣe "denuncia" (ìfisùn) lọ́dọ̀ Carabinieri, ìyẹn ọlọ́pàá ológun, tàbí ní Questura, ìyẹn olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀.

Mi ò ní pépà. Ṣé dókítà ò ní í pe ọlọ́pàá?
Ìbẹ̀rù yìí ń mú káwọn kan fi àìsàn jókòó sílé. Abala 35 nínú òfin àjèjì ti 1998 kà á léèwọ̀ pé kí ilé ìwòsàn fi ẹni tí kò ní pépà sùn. Àfi ohun tí òfin ní kí wọ́n fi tó ìjọba létí, yálà ọmọ onílùú ló kàn tàbí àjèjì. Ìtọ́jú pàjáwìrì tọ́ sí yín. Ẹ béèrè "STP", ìwé ìtọ́jú olóṣù 6 tó ṣeé tún gbà.

Ọmọbìnrin tí wọ́n tàn lọ ńkọ́?
Nọ́ńbà ìrànwọ́ fún àwọn tí wọ́n fi ṣòwò ẹrú ni 800 290 290, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. "Ho bisogno di aiuto" (o bi-zó-nyo di a-yú-to): mo nílò ìrànwọ́. Kó mọ nọ́ńbà náà sórí, fóònù rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà.